"A wà lẹ́yìn rẹ": ẹ̀yìn wo?

Ta ló kọ́ wa ní "a wà lẹ́yìn rẹ" yìí gan-an?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́pàá gbé àbúrò wa kan, akọ̀ròyìn. Ó kọ nípa owó àtúnṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó wọlé sí. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì (Cybercrimes Act) 2015 yẹn náà ni wọ́n nà sí i, èyí tí wọ́n ní àwọn ti tún ṣe ní 2024. Ẹ ṣáà mọ orin náà.

Kíá, àwòrán ìkúùkù ti kún orí ẹgbẹ́ WhatsApp wa. "A wà lẹ́yìn rẹ!" "Ìgboyà!" A sì lé ní igba níbẹ̀ o. Ọ̀sán pọ́n, lọ́yà rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọlọ́pàá ń fẹ́ onídùúró, òṣìṣẹ́ ìjọba, lẹ́fẹ̀lì 12 sókè. Kẹ́kẹ́ pa. Ẹnì kan fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́.

Ẹ má sọ fún mi pé ayé ìgbà ológun yàtọ̀. Nígbà tí ìjọba fòfin de ìwé ìròyìn TheNEWS ní 1993, ṣebí Tempo ni àwọn tó ni ín gbé jáde dípò rẹ̀? Ìjọba ju Kunle Ajibade, olóòtú TheNEWS, sẹ́wọ̀n gbére ní 1995, àwọn tó kù ń sá kiri, ìwé sì ń jáde. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ̀ pé wọ́n lè wá ká òun mọ́lé, fẹ́ńdọ̀ tó ń tà á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn ò rí Dapo Olorunyomi, òun náà lára àwọn olóòtú ibẹ̀, mú, ìyàwó rẹ̀, Ladi, ni wọ́n gbé ní 1997. Ewu yẹn kárí bí ẹran iléyá.

Gbogbo èyí ni mo rò fún ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Ti ìyàwó yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Bí ọmọ ọlọ́mọ yìí bá sá lọ, Bàbá Ayọ̀, ta ni wọ́n máa wá gbé?"

Olùkọ́ ni mí. Lẹ́fẹ̀lì 12 ni mo wà. Ìwé ìgbéga mi wà nínú àpótí, mo tiẹ̀ yọ ọ́ wò. Mo dá a padà.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ló lọ dúró fún un. Káńsù tó ni ọjà ọ̀hún gan-an ni bàbá náà ti ń ṣiṣẹ́, kò sì kọ ìlà kan sínú ìwé ìròyìn rí láyé rẹ̀. Ṣé kò bẹ̀rù ni, àbí kò rò ó tó bí mo ṣe rò ó?

Lánàá, àbúrò yẹn wọlé wá dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa. Mo fi ìkúùkù dá a lóhùn.