Mílíìkì kọ́ ló ba ọbẹ̀ ṣíìsì jẹ́

Wọ́n ní mílíìkì burúkú ló ń mú kí ọbẹ̀ ṣíìsì makaróní inú oven dì kókókókó, kí òróró sì léfòó lórí ẹ̀. Rárá o. Lọ́pọ̀ ìgbà, iná ló pọ̀ jù. Bí bọ́tà, fúláwà àti mílíìkì bá ti ki pọ̀, ẹ gbé ìkòkò kúrò lórí iná kí ẹ tó máa da ṣíìsì sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ fọwọ́ ara yín rin ṣíìsì náà: èyí tí wọ́n ti rin sínú ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tà máa ń ní sítáàṣì lára, kì í yọ́ dáadáa. Àti pé ká se makaróní rọ̀ pátápátá kó tó wọ oven? Ha! Ẹ sẹ́ omi ẹ̀ dànù nígbà tí àárín ẹ̀ ṣì le díẹ̀. Ó ṣì máa mu ọbẹ̀.