Wédà, rénbúùtù àbí ẹsẹ̀ lásán: kí la máa wọ̀ lọ pẹja ní Èkìtì?

ApẹjaTuntun_Adó: Ẹ̀yin Èkìtì Kete, mo kí gbogbo yín o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ máa fi ìwọ̀ pẹja ní ọjọ́ Sátidé, nígbà mìíràn ní dáàmù Ìkún, nígbà mìíràn létí odò Ògbèsè. Ẹnì kan fẹ́ ta wédà fún mi, ìyẹn ṣòkòtò rọ́bà tó ga dé àyà, tí bàtà lẹ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ó ní omi kankan ò ní kàn mí. Ṣé kí n rà á?

BàbáÌkún: Ọmọ mi, fi owó rẹ sápò. Àwa tí wọ́n bí sẹ́bàá omi, ṣòkòtò péńpé la fi ń wọ odò. Tí ara bá tutù, oòrùn á gbẹ ẹ́. Rọ́bà tí o fẹ́ kó sára yẹn, kí oòrùn tó dé àtàrí, òógùn á ti rẹ ọ́ ju bí omi ì bá ti rẹ ọ́ lọ.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó: Ẹ kú àárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ ti ẹsẹ̀ lásán yẹn o. Àtọ̀sí ajá ṣì wà. Inú ìgbín kéékèèké tó ń gbé lára koríko etí omi ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, ojú ò lè rí i, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ló sì ń gba awọ ara wọlé. Kò nílò egbò kankan kó tó wọlé. Ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn mú, ló ń pọ̀ jù nínú omi. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan ni èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Oògùn praziquantel ń wò ó, àmọ́ ẹni tó bá tún padà wọ omi náà á tún kó o.

BàbáÌkún: Nọ́ọ̀sì, o ṣeun. Mo mọ àtọ̀sí ajá dáadáa. Omi tó dúró lójú kan nìyẹn. Ògbèsè ń ṣàn.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó: Àárín rẹ̀ ló ń ṣàn sà. Ẹ wo etí rẹ̀ níbi tí koríko wà, tí omi rọra ń yí po níbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó fẹ́ ju ìwọ̀ máa ń dúró sí.

Olú_Ọmùò: Àǹtí nọ́ọ̀sì, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n àbúrò, má tìtorí ìyẹn sáré ra wédà. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ti rọ́bà tàbí PVC kò gbówó lórí púpọ̀, omi ò lè wọ̀ ọ́, òógùn náà ò sì lè jáde. Ti neoprene, ìyẹn rọ́bà tó rọ̀ bíi fóòmù, nípọn, ìlú olótùútù ni wọ́n ṣe é fún. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n ní ó ń mí, tó ń jẹ́ kí ooru ara jáde láìjẹ́ kí omi wọlé. Òun ló wọ́n jù. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé atẹ́gùn ìta gbọ́dọ̀ gbẹ ju ti inú lọ, kí ooru ara lè rí ọ̀nà jáde. Ní oṣù keje níbí, tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ti kún fún omi, ta ni ìta gbẹ fún? O máa sanwó ńlá, itan rẹ á sì tún tutù. Nígbà ọyẹ́ nìkan ló lè wúlò fún ọ dáadáa.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ọkọ̀. Ẹ máa wọ ọkọ̀ ní dáàmù Ìkún, àbí? Má wọ wédà sínú ọkọ̀ láéláé. Tí o bá ṣubú, tí omi sì kún inú rẹ̀, o ò ní lè ju ẹsẹ̀ dáadáa. Omi inú rẹ̀ kò wúwo nígbà tí o ṣì wà nínú odò, àmọ́ gbàrà tí o bá fẹ́ gun etí ọkọ̀, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á fà ọ́ padà. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí o ná owó lé lórí. Tí o bá sì fẹ́ fi wédà wọ omi lẹ́sẹ̀, fi bẹ́líìtì di ìbàdí rẹ̀ pinpin, kí omi má baà tètè rọ́ wọlé.

ApẹjaTuntun_Adó: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ẹni tó ń tà á kò sọ ti bẹ́líìtì rárá.

ÌyáẸlẹ́ja: Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Rénbúùtù tó dé orúnkún ni kí ọmọ yìí rà. Òun lèmi ń wọ̀ tí mo bá ń kó àrọ̀ àti epìyà lọ́wọ́ àwọn apẹja létí omi, nínú ẹrẹ̀ àti nínú ẹ̀gún. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ rọ̀ ni kó mú. Kó tẹ ọrùn ẹsẹ̀ bàtà náà sẹ́yìn síwájú, kó wo ibi tí ó ti ń ká. Tí ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ bá ti yọ níbẹ̀, rọ́bà náà ti ń gbó, ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ la.

Akin_Ìkẹ́rẹ́: Màmá, ẹrẹ̀ ń fa rénbúùtù bọ́ lẹ́sẹ̀. Mo rí ẹni tó fa ẹsẹ̀ yọ tí bàtà kù sínú ẹrẹ̀. Kánfáàsì tí wọ́n fi okùn dì lèmi máa ń wọ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ ara. Omi á wọ̀ ọ́, omi á sì jáde. Ó fúyẹ́.

Nọ́ọ̀sì_Ìdó: Bọ̀dá Akin, omi tó wọ bàtà yín, kòkòrò inú rẹ̀ ló bá a wọlé. Kánfáàsì ń gbà yín lọ́wọ́ òkúta àti ìgò fífọ́, kò gbà yín lọ́wọ́ àtọ̀sí ajá.

Akin_Ìkẹ́rẹ́: Ṣé ká jáwọ́ nínú ẹja pípa ni?

Nọ́ọ̀sì_Ìdó: Rárá o. Ẹ dúró lórí ilẹ̀, kí ẹ lo okùn tó gùn. Tí ọ̀ràn bá di dandan, kó má kọjá ibi tí rénbúùtù dé. Ẹ sì máa yẹ ìtọ̀ wò lọ́dọọdún.

BàbáÌkún: Èyí tó sọ kẹ́yìn yìí, mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń fi ìwọ̀ pẹja kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe nínú omi. Àwa tí a ń na àwọ̀n la ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Olú_Ọmùò: Ẹ ṣeun bàbá. Ti àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà ṣe pàtàkì. Àwọn àpáta Ògbèsè tí ewé omi ti bò ń yọ̀ bí ilá. Àwọn òyìnbó kan máa ń lo àtẹ́lẹsẹ̀ onífẹ́ẹ̀tì (felt), ìyẹn aṣọ nínípọn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, fún irú rẹ̀, ó sì ń di àpáta mú. Àmọ́ ó ń mu omi, kì í tètè gbẹ, ó sì ń gbé kòkòrò àti ewé omi láti odò kan lọ sí òmíràn. New Zealand ti fòfin dè é láti 2008. Rọ́bà tí wọ́n gé eyín sí lábẹ́ ni kí o wá, kí o sì fọ ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò kí o tó ti Ìkún lọ sí Ògbèsè.

ÌyáẸlẹ́ja: Ẹ má gbàgbé aṣọ. Kó má wọ jíǹsì o. Tí jíǹsì bá mu omi, ó ń wúwo, ọjọ́ kejì ló ń gbẹ, ó sì ń bó itan. Ṣòkòtò pólísítà tàbí jásì bọ́ọ̀lù alápá gígùn, ó pọ̀ ní bọ́síkọ́nà. Rénkóòtù tó ní ihò atẹ́gùn lábẹ́ abíyá ni kó mú, kó sì máa gbé aṣọ gbígbẹ kan sínú ọ̀rá. Nígbà ọyẹ́, ẹni tí aṣọ tútù bá wà lára rẹ̀ lórí omi láàárọ̀, gbígbọ̀n ò ní jẹ́ kó di ìwọ̀ mú.

Olú_Ọmùò: Tí ààrá bá ti ń sán, kò sí rénkóòtù tó kàn án. Ẹ kúrò létí omi.

ApẹjaTuntun_Adó: Ó ti yé mi. Mi ò ra wédà mọ́. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì àti rénbúùtù ni. Bàtà 43 ni mò ń wọ̀, ṣé 43 náà ni kí n rà?

ÌyáẸlẹ́ja: Gbé ìbọ̀sẹ̀ nínípọn lọ sọ́jà, kí o wọ̀ ọ́ kí o tó dán bàtà wò. Bóyá 44 ló máa bá ọ mu. Lóṣòó, kí o dìde, kí o rìn. Tí gìgísẹ̀ bá ń gbéra sókè nínú bàtà, ó ti tóbi jù, ẹrẹ̀ á bọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí Akin ṣe wí. Tí o bá délé, dorí rẹ̀ kodò sábẹ́ ibòòji, má sá a sóòrùn, oòrùn ló ń la rọ́bà. Tó bá sì lu, fọ́kánáísà tó ń lẹ táyà á bá ọ lẹ̀ ẹ́.