Èmi àti Ajá Suffolk

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Ogún pọ́n-ùn ni mo fi ọwọ́ ara mi san kí n lè sọnù nínú igbó òyìnbó ní Suffolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lóru.

Ọ̀gá wa níbi tí a ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ló ní ká wá fẹsẹ̀ kówó jọ fún àwọn aláìsàn. Wọ́n á fún ọ ní máàpù àti kọ́ńpáàsì, o ó máa wá àmì kiri nínú òkùnkùn. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, mo ní, "Yẹ́ẹ̀sì, mà." Ẹ kúkú mọ̀.

Kí wọ́n tó tú wa sígbó, bàbá kan pìtàn Black Shuck fún wa: ajá dúdú olójú iná tí wọ́n ní ó já wọ ṣọ́ọ̀ṣì Blythburgh lọ́dún 1577, tó pààyàn, tí àpá rẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀kùn dòní. Òyìnbó pàtẹ́wọ́. Ẹnìkan ò gbàdúrà!

Níbi àmì kẹta, fóònù dún. Màámi.

"Àkànní, ibo lo wà?"

"Inú igbó ni, mà."

"Láago mọ́kànlá òru? Èló ni wọ́n san fún ọ?"

"Èmi ni mo sanwó, mà."

Wọ́n dákẹ́. "Irú ẹgbẹ́ wo lo lọ wọ̀?" Kí n tó dáhùn, wọ́n ti bọ́ sórí páànù ilé tí ìjì ká lọ.

Ìgbà yẹn gan-an ni nǹkan mí hẹ̀ẹ̀ sí mi lẹ́yìn. Mo yíjú. Ó dúdú. Ó ga tó màlúù. Kí ni màlúù, ó tó dánfó! Iná méjì ń tàn yanran lára rẹ̀. Mo ké Sáàmù 91. "Ẹni tí ó jókòó" nìkan ló jáde lẹ́nu mi, mo sì jókòó lóòótọ́, sínú kòtò.

Òórùn ilẹ̀ tútù yẹn, bí ìgbà tí mo ń tẹ̀lé Bàámi lọ ṣa ìgbín lẹ́yìn òjò ni, àwọn níwájú pẹ̀lú àtùpà. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú wọn. Ìwé mi wà lọ́wọ́ ìjọba. Bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ pósí kalẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Títí dòní, ẹnìkan ò bi mí bóyá mo rí i. Owó màlúù ni wọ́n bi mí.

Ẹ jẹ́ n fìyẹn sílẹ̀ jàre, ajá ti ń lá mi létí. Ajá ìyá arúgbó kan tó ń ṣọ́nà fún wa ni, eyín mẹ́ta péré ló kù lẹ́nu rẹ̀, iná wẹ́wẹ́ méjì wà lọ́rùn rẹ̀ kó má baà sọnù. Ìyá náà ní ajá òun fẹ́ràn mi. Ó sì yà wá ní fọ́tò. Ó ti wà lára ògiri ibiṣẹ́.

Fóònù ṣì ń tàn nínú koríko. Màámi ti kó gbogbo àdúgbò jọ, wọ́n ń pariwo Jésù.

"Àkànní! Ṣé o wà láàyè?"

"Mo wà láàyè, mà."

"Ògo ni fún Ọlọ́run. Páànù mẹ́rìnlélógún ni o."