Mínì-fúláàtì mẹ́rin ní Ìgbógbó: ṣé kí n rà á?

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú. Ọdún tó kọjá ni mo fẹ̀yìntì. Nínú owó tí wọ́n san fún mi àti ilẹ̀ bàbá mi tí mo tà, mílíọ̀nù 40 náírà ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ́jẹ́ǹtì kan mú mi lọ wo ilé kan ní Ìgbógbó, mínì-fúláàtì mẹ́rin, méjì nílẹ̀, méjì lókè. Mílíọ̀nù 38 ni wọ́n ń pè é. Ó ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san 550,000 lọ́dún. Ìyàwó mi ní kí n rà á. Àbúrò mi ní kí n yá ìjọba lówó náà, kí n máa jẹ èlé. Ẹ bá mi dá sí i.

Àkáǹtì Èbúté
Ẹ kú ìsinmi, sà. 550,000 lọ́nà mẹ́rin, 2,200,000 ni. Tí ẹ bá pín in sórí mílíọ̀nù 38, kò tó náírà 6 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ìyẹn sì ni owó tí ẹ́jẹ́ǹtì fẹnu pè, kì í ṣe èyí tó máa wọ àpò yín. Kí ayálégbé kan kó jáde, kí ẹ kun ilé, kí oṣù mẹ́ta kọjá kẹ́ ẹ tó rí ẹlòmíràn, 137,500 ti lọ nìyẹn. Sókàwéè á kún, ẹ̀rọ tó ń fa omi á jó, Land Use Charge, owó tí ìjọba Èkó ń gbà lórí ilé, á dé. Èmi máa ń yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò kí n tó pe ohunkóhun ní èrè. Á ku 1,760,000. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, èlé tírẹ́súrì bíìlì ọlọ́dún kan, ìyẹn owó tí a ń yá ìjọba, kọjá náírà 20 lórí ọgọ́rùn-ún. Àbúrò yín ò ṣìnà.

Ìyá Onílé Ìjẹ̀dẹ̀
Ẹ má dáyà já bàbá o. Ọdún 2013 ni mo ra ilé oníyàrá mẹ́wàá, féèsì-mí-àì-féèsì-yú, mílíọ̀nù 6. Yàrá kan ń san 2,500 lóṣù nígbà náà. Lónìí, 12,000 ni. 1,440,000 ló ń wọlé lọ́dún lórí mílíọ̀nù 6 tí mo ná. Bíìlì wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Owó ilé yìí ni mo fi rán ọmọ méjì lọ sí yunifásítì.

Àkáǹtì Èbúté
Mà, mo kí yín fún ti àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n èló ni wọ́n máa ra ilé yẹn lónìí?

Ìyá Onílé Ìjẹ̀dẹ̀
Ẹnìkan ti na mílíọ̀nù 30 sí mi. Mi ò tà.

Àkáǹtì Èbúté
Mílíọ̀nù 30 ló wà nílẹ̀ báyìí, mà, kì í ṣe mílíọ̀nù 6. Lórí ìyẹn, 1,440,000 ò tó náírà 5 lórí ọgọ́rùn-ún. Bàbá ò lè padà lọ sí 2013 lọ rà á, iye tòní ni wọ́n máa san. Ẹ tún wò ó síbí: dọ́là kan ò ju bíi 160 náírà lọ nígbà tẹ́ ẹ rà á, mílíọ̀nù 6 yín lé ní 37,000 dọ́là. Tí a bá ṣírò dọ́là kan ní 1,400, mílíọ̀nù 30 ò tó 22,000.

Ìyá Onílé Ìjẹ̀dẹ̀
Bíìlì tí ẹ̀yin ń polówó ńkọ́? Ṣé kì í ṣe náírà náà ni? Ẹni tó fi mílíọ̀nù 6 síbẹ̀ ní 2013, tó ń jẹ èlé rẹ̀ lọ́dọọdún, mílíọ̀nù 6 náà ló máa bá níbẹ̀ lónìí. Tèmi ti di 30, mo sì ń jẹ èlé lórí rẹ̀. Ẹ dá mi lóhùn.

Àkáǹtì Èbúté
Òótọ́ ni, mà. Ẹni tó bá ń jẹ gbogbo èlé náà tán, ilé sàn fún un ju bíìlì lọ. Mo gbà fún yín níbẹ̀. Ohun tí mi ò gbà ni kí bàbá kó mílíọ̀nù 38 nínú 40 sórí òrùlé kan ṣoṣo. Tí fúláàtì kan bá ṣófo nínú mẹ́rin, ìdá kan nínú mẹ́rin owó ti dúró. Yàrá kan nínú mẹ́wàá yín, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Bíríkìlà Òwútù
Ẹ̀ ń ṣírò owó, ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè ìpìlẹ̀. Ìgbógbó ò jìnnà sí ọ̀sà, àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí omi ò jìn sílẹ̀ rárá. Ibi tó bá rí bẹ́ẹ̀, sókàwéè tẹ́ ẹ gbọ́n lónìí á tún kún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ nígbà òjò, torí omi ilẹ̀ ló ń wọ inú rẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀ẹ̀rùn wo ilé. Ẹ lọ lọ́jọ́ kejì òjò ńlá. Ẹ wo ẹsẹ̀ ògiri nísàlẹ̀: tí ọ̀dà bá ń ṣí, tí nǹkan funfun bí iyọ̀ ń hù jáde lára rẹ̀, omi ń gòkè nìyẹn. Ẹ wo bí sókàwéè ṣe jìnnà sí kànga tó. Tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kun gbogbo ilé kí wọ́n tó pè yín, ẹ fura.

Ayálégbé Ágíríkì
Ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń gbé ilé onílé sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2021, lánlọ́ọ̀dù wa gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ àwa mẹ́ta, ó ní òun fẹ́ fi ṣe òrùlé. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ó ta ilé. Onílé tuntun dé, ó ní òun ò mọ owó kankan. Ó yọ ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wa. Ìyàwó mi wà nínú oyún oṣù méje. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kan ilẹ̀kùn àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ni owó wọn máa tán.

Lọ́yà Ṣábọ̀
Bọ̀dá Ágíríkì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni onílé yẹn dá. Òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ò fàyè gba kí wọ́n fi ipá lé ayálégbé láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́. Kò sì gbà kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Tíṣà, ẹni tó ra ilé ra àwọn ayálégbé mọ́ ọn. Owó tí wọ́n bá ti san sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé. Ẹ jẹ́ kó kó rìsíìtì ọdún méjì sílẹ̀.

Ìyá Onílé Ìjẹ̀dẹ̀
Òfin, òfin. Ẹni tó jẹ mí lówó oṣù mẹ́rìnlá ńkọ́, tó ń fi mọ́tò tuntun wọlé? Ta ló ṣòfin fún èmi?

Lọ́yà Ṣábọ̀
Mà, ó dùn yín, mo mọ̀. Tí àgírímẹ́ǹtì ò bá sọ iye ìkìlọ̀, òfin á fún ẹni tó ń san ọdọọdún ní oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ọjọ́ méje kẹ́ ẹ tó délé ẹjọ́. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù kan péré. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì lè fẹnu kò sí iye mìíràn, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé ní Ìkòròdú ni kò ní àgírímẹ́ǹtì kankan. Kẹ́ ẹ tó lọ sílé ẹjọ́ pàápàá, Citizens Mediation Centre ti ìjọba Èkó ń parí irú ìjà yìí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ayálégbé Ágíríkì
Ìyá, ẹni tó jẹ yín lówó ò ṣe dáadáa, mi ò gbè é lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi tiẹ̀ gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ìyá Onílé Ìjẹ̀dẹ̀
Mo gbọ́, ọmọ mi.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Mo padà dé. Mo lọ kan ilẹ̀kùn lánàá. Àwọn méjì lókè ti san dé ìparí ọdún tó ń bọ̀. Ẹnìkan nísàlẹ̀ ò tíì san láti oṣù mẹ́jọ. Ẹnì kẹrin nìkan ló ń san 550,000, 400,000 ni àwọn tó kù. Ẹ́jẹ́ǹtì ò sọ ìkankan nínú rẹ̀ fún mi. Mo ti sọ fún un pé mílíọ̀nù 29 ni mo lè san, tí ìwé ilé náà bá mọ́ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba Èkó ní Aláùsá. Kò tíì dá mi lóhùn. Bíríkìlà, òjò rọ̀ lálẹ́ àná. Ṣé ẹ lè bá mi débẹ̀ lọ́la?

Bíríkìlà Òwútù
Aago méje àárọ̀, sà. Kí oòrùn tó gbẹ ẹ́.