Audiologist VA kọ́ ló ń pinnu owó àìlera

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé audiologist, ìyẹn onímọ̀ nípa ìgbọ́ràn, ní ilé ìwòsàn VA, níbi tí Amẹ́ríkà ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tẹ́lẹ̀rí, kò ju ẹni tó ń ki ẹ̀rọ bọni létí lọ, àti pé òun náà ló ń pinnu owó àìlera, ìyẹn owó tí ìjọba ń san fún ọmọ ogun tẹ́lẹ̀rí tí iṣẹ́ ogun ṣe ní jàǹbá. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Oyè dókítà nínú ìmọ̀ ìgbọ́ràn ni VA ń béèrè, pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ìpínlẹ̀ kan. Dókítà yìí kì í ṣiṣẹ́ abẹ o. Ó ń wọn ìgbọ́ràn, ó ń bójú tó etí tó ń hó, ó ń yẹ òòyì wò, ó sì ń ṣètò ẹ̀rọ ìgbọ́ràn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé: àyẹ̀wò ìtọ́jú yàtọ̀ sí àyẹ̀wò owó àìlera. Fún ti owó, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 38 CFR 4.85 ní kí audiologist tó ní ìwé àṣẹ ṣe é, kí ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò yọ ẹ̀rọ etí rẹ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì lo ìdánwò gbígbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní Maryland CNC. Audiologist lè sọ bóyá iṣẹ́ ogun ló ba etí jẹ́. Àmọ́ òṣìṣẹ́ ẹ̀ka owó àìlera, tí kì í ṣe ara ilé ìwòsàn, ló ń pinnu ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni àìlera náà, èyí tí owó dá lé.

Ọ̀fẹ́ ni òfin náà lórí eCFR, ìkànnì òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ kà á fúnra yín, kò gùn.