Ṣé torí pé Verdi ò lẹ́bùn ni wọ́n ṣe kọ̀ ọ́ ní Milan?

Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa Verdi, ọ̀gá àwọn tó ń kọ ọ́pẹ́rà, ìyẹn eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe, ní Ítálì, á ti gbọ́ èyí náà: pé ilé ẹ̀kọ́ orin ìlú Milan lé e padà nígbà èwe rẹ̀, wọ́n ní kò lẹ́bùn. Wọ́n á wá fi kún un tẹ̀ríntẹ̀rín pé orúkọ ẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún ń jẹ́ lónìí. Wọ́n kọ̀ ọ́ lóòótọ́. Orúkọ ẹ̀ ló ń jẹ́ lóòótọ́. Ti ẹ̀bùn yẹn ni irọ́.

Ọdún 1807, nígbà ìjọba Napoleon, ni àṣẹ jáde pé kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1808, nínú ọgbà tó ti jẹ́ ti àwọn ẹlẹ́sìn tẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria della Passione. Ọmọdé ni wọ́n ń gbà, inú ọgbà ni wọ́n sì ń sùn. Tí èèyàn bá ti ju ọmọ ọdún 14 lọ, ó ti pẹ́ jù. Verdi ti pé 18 nígbà tó kọ̀wé sí wọn ní 1832. Bẹ́ẹ̀, Austria ló ń ṣàkóso Milan nígbà yẹn, Verdi sì wá láti ilẹ̀ Parma, tó ní ìjọba tirẹ̀. Àlejò ni. Yàrá ibùsùn gan-an ti kún. Àfi tí ẹ̀bùn ẹni bá ṣàrà ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi lè yí òfin sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Níbi ìdánwò, Angeleri, olùkọ́ píánò, rí i pé bí Verdi ṣe ń gbé ọwọ́ lé píánò kò dáa, kò sì ní rọrùn fún ọmọ ọdún 18 láti yí i padà. Ibí ni àwọn onítàn máa ń dúró sí. Ṣùgbọ́n Basily, tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ níbẹ̀, tún kọ̀wé nípa orin tí Verdi kọ fúnra rẹ̀. Ó ní òun gbà pẹ̀lú Piantanida, olùkọ́ kan níbẹ̀, pé tó bá fara balẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun oríṣiríṣi ohùn orin pọ̀, á di ẹni tó mọ orin kọ dáadáa. Ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí aláìlẹ́bùn nìyẹn?

Ó dun Verdi títí ó fi darúgbó, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Barezzi, oníṣòwò ará ìlú Busseto ní ilẹ̀ Parma tó ń ràn án lọ́wọ́, ló sanwó kó lè dúró sí Milan, lọ́dọ̀ Lavigna tó ti ṣiṣẹ́ ní ilé ọ́pẹ́rà La Scala. Kí ni Lavigna wá ń kọ́ ọ fún nǹkan bí ọdún 3? Ohùn híhun tí Piantanida sọ yẹn náà ni. Ní 1839, wọ́n ṣe Oberto, ọ́pẹ́rà rẹ̀ àkọ́kọ́, ní La Scala.