Owó wúrà máa ń já wálẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri pé "ẹni tó bá ra wúrà kò lè pàdánù láé" kì í ṣe òótọ́, ó sì ń dùn mí torí àwọn tó fẹ́ kó owó ìfẹ̀yìntì wọn lé e.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1980, wúrà gòkè dé nǹkan bíi dọ́là 850 fún áúǹsì kan (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ta wúrà lágbàáyé). Nígbà tó di 1999, ó ti já sí ìsàlẹ̀ 260. Ọdún 2008 ló tó padà kọjá 850 yẹn. Ẹni tó rà á lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́ta kí owó rẹ̀ tó pé, nǹkan sì ti wọ́n gan-an ní Amẹ́ríkà láàárín ìgbà náà, nítorí náà owó ọ̀hún kò lè ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó tún ṣẹlẹ̀: wúrà kọjá 1,900 ní 2011, ó já sí nǹkan bíi 1,050 ní ìparí 2015.

Náírà ló ń tan ọ̀pọ̀ nínú wa jẹ. Dọ́là ni wọ́n fi ń díye lé wúrà lágbàáyé. Láti oṣù Òkúdù 2023 sí oṣù Èrèlé 2024, dọ́là kan kúrò ní nǹkan bíi 460 náírà, ó kọjá 1,400. Bí wúrà tilẹ̀ dúró lójú kan, yóò dà bíi pé ó fò sókè.

Kì í ṣe pé kí ẹ má rà á o. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé ọmọ tí ẹ máa san lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ má fi síbẹ̀.